Igbó Ọ̀ṣun ní Ọjọ́ Lásán: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tó Ń Kó Ọmọ Iléèwé Lọ sí Òṣogbo

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó o.

Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé ìgbà wo ló yẹ kí a kó ọmọ lọ wo Igbó Ọ̀ṣun, mẹ́sàn-án nínú wọn á ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Èsì tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún, èrò lẹ máa rí, ẹ ò ní rí igbó. Ìlù á ti bo ohùn ẹyẹ mọ́lẹ̀, ọ̀bọ á ti sá wọ inú ewé lọ, ọmọ kékeré á kàn máa wo ẹ̀yìn ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni. Ọdún dára, ẹ lọ wò ó: alẹ́ tí wọ́n ń tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún ní ààfin, Ìbọríadé tí wọ́n ń kó adé àwọn ọba àtijọ́ jọ láti bọ ọ́, àti ọjọ́ tí Arugbá máa ń ru igbá lọ sódò. Ohun tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ igbó ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mọ̀, ọjọ́ lásán ni kí ẹ mú un lọ, láàárín ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é láìsí wàhálà la wá sọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí à ń lọ ná. Igbó Ọ̀ṣun wà létí ìlú Òṣogbo, odò Ọ̀ṣun sì ń lọ́ bí ejò gba inú rẹ̀ kọjá. Hẹ́kítà 75 ni, bíi pápá bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún tí a tò pọ̀. Hẹ́kítà 47 mìíràn tún yí i ká fún ààbò. Ní 1965 ni ìjọba kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ ìkéde náà dé gbogbo igbó, ní 2005 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Ogójì ojúbọ ló wà nínú rẹ̀, ibi ìbọ mẹ́sàn-án sì tún wà lẹ́bàá odò. Irúgbìn tó lé ní 400 ni wọ́n ti kà níbẹ̀, àwọn oníṣègùn wa sì ń lo èyí tó lé ní 200 nínú wọn.

Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú ò ṣàjèjì sí ọmọ Òròkí, ìyẹn ọmọ Òṣogbo, kankan. Láróòyè àti Ọlútìmẹ́yìn kó àwọn ènìyàn wọn wá omi dé etí odò. Níbi tí wọ́n ti ń gé igi, igi kan wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde láti ìsàlẹ̀ omi pé, "Òṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa orúkọ Òṣogbo yọ. Oyè ọba wọn, Àtáọjà, wá láti inú "a tẹ́wọ́ gba ẹja", nítorí ẹja tí odò fi ránṣẹ́ sí Láróòyè. Ẹ fi ìkòkò aró yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Kí ni kò jẹ́ kí igbó yìí di oko àti ilé bíi ti àwọn ìlú yòókù? Kì í ṣe pé àáké kò dé ibẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ojúbọ ń wó, ọdẹ ń wọlé, wọ́n ń gé igi, wọ́n tilẹ̀ ń gbin tíìkì rọ́pò wọn. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz nílẹ̀ Austria ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí Òṣogbo sì mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú bíi Adébísí Àkànjí tó ń fi sìmẹ́ńtì ṣiṣẹ́, Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta, ni wọ́n tún àwọn ojúbọ kọ́, tí wọ́n sì mọ ère gìrìwò gìrìwò káàkiri inú igbó. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù kìíní ọdún 2009. Ẹ má wo ère wọ̀nyẹn bí ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ọgbà tí wọ́n fi sọ igbó ni. Ẹni tó bá gbé àáké wọlé, ère ló máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká múra.

Ní ti oṣù, láti ìkọkànlá dé ìkejì ni ẹsẹ̀ máa ń dúró dáadáa jù lórí ilẹ̀. Ọ̀nà gbẹ, odò lọ sílẹ̀, ẹ̀fọn dín kù. Àléébù àkókò náà ni eruku ọyẹ́, àti wèrèpè tó ti gbó lórí ìtàkùn. Oṣù kẹta àti ìkẹrin la fẹ́ràn jù, lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: ewé tuntun ń yọ, olú ń hù lára igi tó ti wó, ilẹ̀ ò sì tíì di ẹrẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, odò máa ń kún, bèbè rẹ̀ á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ẹ má kó ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá débẹ̀ nígbà náà. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lóru mọ́jú ọjọ́ ìrìn yín, ẹ sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀ka igi tó ti mu omi yó a máa já lulẹ̀ láìsí afẹ́fẹ́, kódà nígbà tí òjò ti dá tipẹ́.

Ó kéré tán, kó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí àwọn ló ń mójú tó igbó náà pẹ̀lú ààfin àti àwọn olórìṣà. Ẹ kọ iye ọmọ, ọjọ́ orí wọn àti aago tí ẹ máa dé síbẹ̀. Ẹ wá béèrè nǹkan mẹ́ta: èló ni owó ìwọlé, ṣé owó kámẹ́rà yàtọ̀, ṣé ìbọ kankan á wáyé lọ́jọ́ náà. Ìkẹta yìí làwọn ènìyàn kì í béèrè, òun ló sì máa ń ba ìrìn jẹ́, nítorí bí ìbọ bá wà, wọ́n lè ti apá kan igbó, ẹ ó sì kó ọgọ́ta ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Lẹ́tà kejì, sí àwọn òbí ni. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Òbí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì á fẹ́ mọ ohun tí ọmọ wọn ń lọ ṣe níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà. Ẹ kọ ọ́ pé igi, ẹranko, odò àti iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń lọ wò, pé ẹnikẹ́ni kò ní ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n mu omi odò. Kí ẹ sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Òbí tó bá gbọ́ òótọ́ ṣáájú kì í fa wàhálà lẹ́yìn.

Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí amọ̀nà kan ti tó. Ọ̀nà inú igbó tóóró, ọmọ á tò lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó bá wà ní ipò ogún kò ní gbọ́ ohun tí amọ̀nà ń sọ, eré ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bí ọmọ bá jẹ́ ogójì lé márùn-ún, ẹ pín wọn sí mẹ́ta, kí ẹgbẹ́ kan fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú èkejì. Àgbà méjì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ kankan, ohunkóhun tó wù kó rí níwájú. Ẹ so ọmọ pọ̀ ní méjì méjì kí kálukú mọ ẹnì kejì rẹ̀, kí ẹ sì kà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, létí odò, àti nígbà tí ẹ bá ń jáde.

Aṣọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ṣòkòtò gígùn, aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀sẹ̀, bàtà kánfáàsì. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Sálúbàtà kò dára rárá: gbòǹgbò ń gbé e, ìjàlọ ń ríbi wọlé, ọmọ á sì wọ́ ẹsẹ̀ tí ìka rẹ̀ ti bó dé ilé. Aṣọ pupa tó ń dán àti ọ̀rá tó ń pariwo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Omi tó tó lítà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píọ́wọ́tà méjì, ni kí ẹ gbé wá. Ọ̀rá rẹ̀ á bá yín padà lọ sílé. Ẹni tó ń gbé àpótí ìtọ́jú kó rí i pé ọṣẹ, omi mímọ́ lítà méjì, báńdéèjì, sẹ́lótéèpù àti fèrè rẹfirí wà níbẹ̀. Ẹ máa rí ìwúlò sẹ́lótéèpù láìpẹ́.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè gba Ìwó tàbí Gbọ̀ngán. Bọ́ọ̀sì ńlá máa ń fún pọ̀ mọ́ àwọn ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nítorí náà ọkọ̀ eléèyàn méjìdínlógún méjì ó sàn ju bọ́ọ̀sì gbàgìrì kan lọ. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ooru á mú, ẹyẹ á dákẹ́, ọ̀bọ á lọ sinmi. Wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló tó láti rìn án láìkánjú.

Bí ẹ bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kí gbogbo ẹnu dákẹ́. Èyí ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ amọ̀nà ni kì í sì í fẹ́ fún ọmọ láàyè rẹ̀ nítorí wọ́n ti há ọ̀rọ̀ sórí. Etí á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohùn sọ́tọ̀: omi nísàlẹ̀, ewé tí nǹkan fò kọjá lórí rẹ̀, ẹyẹ méjì tó ń dá ara wọn lóhùn. Ohùn ìyẹ́ àtíòro, bó bá ń fò kọjá, dà bí ẹni tó ń fẹ́ iná ní àgbẹ̀dẹ. Ẹ mú ìwọ̀n ooru méjì dání, ẹ fi ọ̀kan síbi tí oòrùn ti ń pa níta, ẹ mú èkejì wọlé, ẹ ka méjèèjì ní àkókò kan náà. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ náà kò ní gbàgbé ìdí tí igi fi wúlò fún ìlú.

Lẹ́yìn náà ni igi. Ẹ má ní kí ọmọ há orúkọ ogún igi sórí. Mẹ́rin tó. Àràbà: ẹ wo ìdí rẹ̀, gbòǹgbò pẹrẹsẹ tó dúró bí ògiri, àti ẹ̀gún lára igi nígbà tó bá wà ní kékeré. Ìrókò: bí wọ́n bá ṣá èèpo rẹ̀, oje funfun ló ń jáde, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣá a wò níbí o. Akòko: ewé rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá ènìyàn lóyè, kì í ga jù, ọmọ lè rí ewé náà nítòsí. Òrúrù: òdòdó rẹ̀ pupa bí iná, èyí tí kò tíì là nínú òdòdó náà máa ń ní omi nínú, àwọn ọmọ abúlé sì ń fi í fọ́n ara wọn lómi. Bí ẹ ò bá rí gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan, kò burú. Ẹ fi èyí tí amọ̀nà bá tọ́ka sí rọ́pò.

Ọmọ tó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè wọn igi. Ẹ mú okùn tí kì í fà, ẹ gbé e yí igi ká ní ibi tó ga ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n láti ilẹ̀, ẹ so kókó síbi tí okùn ti pàdé, ẹ tẹ́ ẹ sí téèpù, kí ẹ sì fi 3.14 pín iye náà. Ìbú igi nìyẹn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n yí okùn ká gbòǹgbò ògiri àràbà, igi tó fẹ̀ ní mítà kan á wá di mítà mẹ́ta nínú ìwé. Òkè gbòǹgbò ni kí ẹ ti wọn ọ́n. Bí ọwọ́ ò bá tó o, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀bọ nìyí. Àwọn ọ̀bọ Igbó Ọ̀ṣun ti mọ ènìyàn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àwọn àlejò ń fún wọn ní ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwa ò fara mọ́ ọn, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó. Ọ̀bọ tó ti kọ́ láti gba oúnjẹ lọ́wọ́ ènìyàn á kọ́ láti já a gbà, ọmọ tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ wọ inú igbó. Ẹni tó ń lo awò ojú kó fi okùn dè é. Kí ọmọ má wo ọ̀bọ lójú tààrà, kó má sì yọ eyín sí i: ẹ̀rín lójú tiwa, ìpèníjà ni lójú tirẹ̀. Bó bá sún mọ́ yín jù, ẹ rọra fi ẹ̀yìn rìn padà, ẹ má sáré. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé ó géni jẹ tàbí pé ó ha ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì gbé ọmọ dé ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti ipá. Ọgbẹ́ kékeré, ọgbẹ́ ńlá, ìkan náà ni.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn tó ń bá ọmọ jà nínú igbó kéré ju ọ̀bọ lọ. Ìjàlọ ni èkíní. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tó ń rìn lójú ọ̀nà, ẹ má dúró wò ó, ẹ gbé ẹsẹ̀ gíga kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni iwájú á kọjá, á dúró, ẹni ẹ̀yìn á sì dúró lé ìlà náà lórí. Èkejì ni èsìsì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ní ó ń jóni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà tó ọmọ ọdún mẹ́jọ láti ba ọjọ́ rẹ̀ jẹ́. Kí ọwọ́ má kan ewé etí ọ̀nà ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni wèrèpè, òun ni baba wọn. Irun tíntìntín tó bo èso rẹ̀ ni ìṣòro, ọyẹ́ lè fẹ́ ẹ lé ènìyàn lára láìjẹ́ pé ó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ń họ ọ́, ńṣe ló ń tì í wọ inú ara. Omi tí ẹ bá kọ́kọ́ dà sí i pẹ̀lú ìfọwọ́ra á tàn án kálẹ̀. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ibi tó ń yún un, kí ẹ ṣí i kúrò kíá, ẹ ṣe é léraléra pẹ̀lú èyí tuntun. Àwọn ìyá wa a máa fi òkèlè ẹ̀bà tútù tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ìgbà tí irun náà bá ti kúrò ni kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Kí ọmọ náà má fi ọwọ́ kan ojú.

Ní ti ère, ohun tí ọmọ máa béèrè ni pé kí ló dé tí wọn ò gbọdọ̀ gùn ún nígbà tó rí bí òkúta. Ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ọ̀pá irin ni egungun rẹ̀, sìmẹ́ńtì àti amọ̀ ni ẹran rẹ̀. Bí ọmọ bá gùn ún, sìmẹ́ńtì á sán níbi tí ojú ò rí. Omi òjò á gba ojú sísán náà wọlé, irin á dógùn-ún. Irin tó dógùn-ún máa ń wú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, á sì ti sìmẹ́ńtì jáde ní ègé ègé. Lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, apá ère já, kò sẹ́ni tó máa rántí ọmọ tó gùn ún. Yàtọ̀ sí ènìyàn, gbòǹgbò igi ń gbé ìdí ère, igi tó wó ń fọ́ ọ, ikán sì ń jẹ òpó àti igi àjà àwọn ojúbọ tí wọ́n fi amọ̀ kọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè bá igi àtẹ̀gùn àti àwọn oníṣẹ́ nígbà ẹ̀rùn, torí amọ̀ kì í gbẹ nígbà òjò. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù lára ère, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi èékánná họ ọ́. Ojú sìmẹ́ńtì ló máa bá a bó.

Níbi ère Ìyá Mọ̀ọ́pó, ẹ lo àkókò díẹ̀. Òun ni òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró wà nínú rẹ̀. Níbi ojúbọ Ọ̀ṣun lẹ́bàá odò, ẹ wo àwọn òpó gbígbẹ́ ibẹ̀. Bí amọ̀nà bá ní ẹ má wọ ibì kan, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ má ya fọ́tò ẹni tó ń wúre láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lè bá àlejò láti Brazil tàbí Cuba pàdé níbẹ̀, tó rin ìrìn-àjò wá nítorí Ọ̀ṣun kan náà, tí wọ́n ń pè ní Oxum ní Brazil àti Ochún ní Cuba. Ọmọ tó bá gbọ́ orin wọn á mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Odò wá kù. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ títí dé ọ̀sà lápá Lẹ́kí. Ẹ kò ní bá omi tó mọ́ gaara tí oríkì rẹ̀ ń sọ. Ó ti pọ́n bí tíì oní-mílíìkì, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fi omi fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń sún mọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ má mu ún, ẹ má bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì lọ sílé. Ẹni tó bá ní òun á sè é kó mọ̀ pé iná ń pa kòkòrò àìsàn, ṣùgbọ́n kì í yọ òjé tàbí mákúrì kúrò nínú omi. Ìjìnnà mítà méjì sí bèbè ni kí ọmọ dúró, kí àgbà wà láàárín òun àti odò. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí ẹni tó fẹ́ràn Ọ̀ṣun. Odò ọ̀hún ló ń jìyà rẹ̀, kì í ṣe àwa tó ń sọ ọ́.

Bí ẹ bá ti jáde ní bíi aago mọ́kànlá, ẹ má sáré wọ ọkọ̀. Ìdajì ẹ̀kọ́ náà wà níta. Ẹ rìn díẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ fi ojú tẹ̀ lé gọ́tà kan. Ọ̀rá, ike, omi ọṣẹ, gbogbo wọn ló kọjú sísàlẹ̀, síbi tí ẹ ti ń bọ̀. Ẹ ní kí ọmọ ka iye ọ̀rá píọ́wọ́tà tó wà nínú gọ́tà láàárín ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí àlàyé tó tún ju ìyẹn lọ.

Lójú ọ̀nà Ìbòkun ni ilé tí Àdùnní Olórìṣà gbé wà, ilé alájà tí wọ́n kọ́ bí àwọn àgùdà tó ti Brazil dé ṣe ń kọ́lé. Ère kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kàn sí wọn ṣáájú, ilé àwọn ènìyàn ni. Ààfin Àtáọjà àti Ọjà Ọba, ẹ lè fi ọkọ̀ kọjá níbẹ̀, ọmọ ò ní lágbára tó láti wọ ọjà mọ́.

Ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ fò ni ibi ìpaláró. Òṣogbo ìlú aró: ìkòkò tó fọ́ sínú odò nìyẹn. Igbó ni èlú ti ń wá, ìtàkùn ni. Ewé rẹ̀ tó ṣì tutù ni wọ́n ń gún nínú odó, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á gbé e lé ìkòkò mìíràn lórí, wọ́n á máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sísàlẹ̀ máa ń yọ̀ láàárín ìka bí ọṣẹ. Bí kò bá yọ̀, eérú rẹ̀ kò tó. Wọ́n á rẹ èlú sínú omi eérú yìí, wọ́n á dé e, wọ́n á máa rò ó, láti ọjọ́ mẹ́ta lọ sí mẹ́wàá bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí. Bí omi eérú bá rọ̀ jù, aró kò ní mú, á ṣí ní ìfọṣọ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà níbẹ̀ nígbà tí aláró bá fa aṣọ yọ: aláwọ̀ ewé ló máa ń jáde, afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró níṣojú wọn. Lẹ́ẹ̀kan kò tó. Wọ́n á rì í bọ̀ ọ́ léraléra kó tó dúdú bí ìyẹ́ agbe. Lónìí ọ̀pọ̀ aláró ló ń ra èlú oníkẹ́míkà lọ́jà pẹ̀lú kọ́sítíìkì. Ìyẹn máa ń jó ọwọ́, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń lò kí ọmọ tó na ọwọ́ sí ìkòkò.

Nígbà tí ẹ bá délé, kí òbí yẹ ara ọmọ wò lẹ́yìn etí, lábẹ́ abíyá àti ní ìtan, nítorí eégbọn. Ẹmú irun ojú ni kí wọ́n fi mú un níbi orí rẹ̀, kí wọ́n fà á sókè tààrà, kí wọ́n má fi iná tàbí epo sí i. Bí ibà bá mú ọmọ ní ọjọ́ kejì, kì í ṣe ẹ̀fọn Igbó Ọ̀ṣun ló fa á. Ibà kì í yára tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn ilé yín ni kí ẹ lọ bi. Èyí tó bá dé láti ọjọ́ keje títí dé bí oṣù kan, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un.